Plac Centralny ní Nowa Huta: ṣé gbàgede nìyẹn àbí oríta lásán?

Nowa Huta ni apá ìlú Kraków ní Póláǹdì tí àwọn kọ́múníìsì kọ́ pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ irin ńlá kan, Plac Centralny sì ni gbàgede àárín ẹ̀. Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rèé, màá dáhùn òun àti ohun tí àwọn míì kọ sábẹ́ ẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré rèé tí mo dé Kraków. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ló ní tí mo bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kọ́múníìsì, kí n wọ tíráàmù 4 kí n sọ̀ ní Plac Centralny ní Nowa Huta. Mo lọ jàre. Mo rìn yí i ká fún odidi wákàtí kan, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí, mi ò rí nǹkan kan. Ilé aláwọ̀ eérú, koríko, títì fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tíráàmù. Apá kan tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ẹnu ẹni tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká. Wọ́n tún wá gbé orúkọ Reagan, Reagan tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí o, kọ́ ọ lọ́rùn! Kí lẹ̀ ń rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń pọ́n ọn lé? Àti pé ká sòótọ́, ṣé ibẹ̀ ṣe é gbé fún èèyàn dúdú? Torí mo rí yàrá kan níbẹ̀ tí owó ẹ̀ rọjú."

* * *

Ìbéèrè méjì lo bi, ọ̀kan ti ojú, ọ̀kan ti àpò. Ti ojú ni màá kọ́kọ́ mú. Ọdún kẹfà rèé tí mò ń gbé ní Centrum C, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó yí gbàgede yẹn ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aleja Róż, mo sì fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ káàkiri ibẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó rí iṣẹ́ míì, ìyẹn ni pé kò sí òkúta kan ní gbàgede yẹn tí táyà mi ò tíì tẹ̀.

Gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí tábìlì, kó o ya ìka márààrún. Ibi tí ìka ti pàdé yẹn ni Plac Centralny. Àtàǹpàkò ni Aleja Jana Pawła II tó lọ sí Kraków àtijọ́. Ìka ìfábẹ̀lá ni títì Andersa. Ìka àárín ni Aleja Róż, òun la máa ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ìka kẹrin ni Solidarności, òun ló lọ tààrà sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ irin. Ọmọńdinrín ni apá kejì Jana Pawła II tó kọjú sí abúlé àtijọ́ Mogiła. Ìka márùn-ún pé. Ọrùn ọwọ́ ni ibi tó o ní ó ṣí gbayawu, ní gúúsù, ibẹ̀ ló yẹ kí apá ti so mọ́ ọwọ́, apá ò sí.

Ilé ìṣeré tíátà ńlá ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kó dí ojú gúúsù pa. Wọ́n tún ní gbọ̀ngàn ìlú máa wà lójú Aleja Róż. Wọn ò kọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Stalin kú ní 1953, nígbà tó máa fi di 1956 irú ilé tí wọ́n ń kọ́ láyé ẹ̀ ti já sílẹ̀ lójú àwọn tó pàṣẹ rẹ̀ fúnra wọn, ó pọ̀ jù, ó náni jù, ó ti di ti àná. Bí iṣẹ́ ṣe dúró nìyẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mọ́ mi nìyí. Ní ilé wa, ojúde kì í dá wà, ojúde ẹnì kan ni. Ààfin á kọ́kọ́ wà, ojúde á wá wà níwájú ẹ̀, ọjà ọba á sì tò síbẹ̀. Níbí ojúde ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́, wọ́n ní ààfin ń bọ̀ lẹ́yìn, ààfin ò dé dòní. Ojúde tí ò ní onílé, gbogbo ẹni tó bá ti kọjá ló máa ń fẹ́ kọ orúkọ tiẹ̀ sí i lára. Fi èyí sọ́kàn, a máa padà wá bá a.

* * *

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "gbàgede Soviet". Ẹ rọra o. Màmá àgbà kan wà ní àjà kìíní ilé wa, ó wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní iléeṣẹ́ irin fún ọdún tó lé ní ogún, mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé. Ó gbé báàgì ọ̀dùnkún ẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé ará Rọ́ṣíà ló kọ́ ọ? Àwa la kọ́ ọ." Ó tún gbé báàgì ẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì ń kùn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà láàárín. Àwòrán iléeṣẹ́ irin àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ẹ̀, láti Soviet ló ti wá, òkúta irin tí wọ́n ń yọ́ náà láti ọ̀hún ni. Ṣùgbọ́n ìlú, ìyẹn ilé àti gbàgede àti títì, ayàwòrán-ilé ọmọ Póláǹdì ló ṣe é, Tadeusz Ptaszycki ni olórí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é lọ́nà tí Moscow ń fẹ́ nígbà náà, ilé ńláńlá olópòó, gbogbo ẹ̀ dọ́gba lápá òsì àti lápá ọ̀tún, àwọn náà gbà, wọ́n wá lọ kó àpẹẹrẹ láti ara àwọn ilé àtijọ́ Kraków tí ará Ítálì kọ́ ní bíi ọdún 400 sẹ́yìn. Ìdí tó o fi rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó lábẹ́ àwọn ilé yẹn nìyẹn. Tó o bá wọ tíráàmù lọ títí dé géètì iléeṣẹ́, wàá rí ilé ńlá méjì tó kọjú síra, orí wọn ṣe gẹ́gẹ́rẹ́gẹ́ bí ilé olódi, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè wọ́n ní Watykan, ìyẹn Vatican, tàbí Ààfin Dóòjì, ààfin àwọn olórí Venice àtijọ́. Nínú ìlú tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ní Ọlọ́run, òṣìṣẹ́ ń lọ gba ìwé ìsinmi ní Vatican!

* * *

Arákùnrin tó ń gbé Katowice kọ ọ́ pé wọ́n fi Nowa Huta jẹ Kraków níyà ni, pé Kraków jẹ́ ìlú àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé, wọn ò fẹ́ràn ìjọba tuntun, ni ìjọba bá ní òun á kó òṣìṣẹ́ wá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ìwé afinimọ̀nà ló ń sọ ọ́, gbogbo onítáksí ló mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kò sí i nínú ọkàn ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ná irú owó yẹn torí kó lè bínú sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Iléeṣẹ́ irin nílò omi púpọ̀, odò Vistula wà níbẹ̀. Ó nílò èédú, Silesia ò jìnnà. Ó nílò rélùwéè tó bọ́ sí ìlà oòrùn, ó wà. Ó nílò ọwọ́ iṣẹ́, àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀dọ́ tí ilẹ̀ bàbá wọn ò tó pín.

Ohun tí mo lè bínú sí ni ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Ilẹ̀ Mogiła, Pleszów, Krzesławice, Bieńczyce, ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ni, irú èyí tí àgbẹ̀ máa ń bù dání kó gbóòórùn ẹ̀. Òun ni wọ́n da kọnkéré lé. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé àkọ́kọ́, nígbà tó máa di 1951 wọ́n ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Kraków, ìyẹn ni pé kò tiẹ̀ pé ọdún méjì tó fi dá dúró. Ní oṣù Keje 1954 ìléru ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin. Orúkọ Lenin ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà. Ní àwọn ọdún 1970 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sún mọ́ 40,000. Ẹ ronú sí i, 40,000! Ìlú kan ni.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín, ẹ ẹ́ ní Ajàókúta ńkọ́. Ẹ ṣé, àwọn Soviet kan náà ni, iléeṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Tyazhpromexport ló gba iṣẹ́ yẹn, láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ní Nowa Huta ọdún márùn-ún ni láti ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ dé irin gbígbóná. Ti Ajàókúta, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, orí ń fọ́ mi.

* * *

Ó yá, Reagan.

2004 ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ kún un. Orúkọ tó wà nínú ìwé báyìí ni Plac Centralny ìrántí Ronald Reagan, tẹ́ ẹ bá wọ tíráàmù, ohùn obìnrin inú ẹ̀ máa pe gbogbo ẹ̀ tán láìmí. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́fà mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní "jẹ́ ká pàdé ní Reagan". Kò sí. Plac Centralny ni, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gé e kúrú sí Plac.

Àwọn tó fẹ́ orúkọ yẹn ní ìdí. Títì tó lọ sí iléeṣẹ́ irin, Lenin ló ń jẹ́, ó wá di Solidarności, ìyẹn orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá ìjọba jà. Gbogbo orúkọ ni wọ́n ti yí, wọ́n ní kí àárín má dá wà. Reagan sì dúró ti Solidarność ní àsìkò òfin ológun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1981, èyí kì í ṣe irọ́. Àwọn tí ò fẹ́ ẹ ní kí ló kàn án, ṣé ó gbé bíríkì kan níbẹ̀ ni? Màmá àjà kìíní ní tó bá jẹ́ pé ẹni tó jìyà níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ pè é, òun mọ ọmọ kan. Bogdan Włosik ló ń sọ, ọmọ ogún ọdún, ọlọ́pàá inú kan yìnbọn lù ú ní Nowa Huta ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1982 lásìkò ìwọ́de. Ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin lọ́sàn-án, ó ń kàwé nírọ̀lẹ́.

Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí orúkọ, àfi pé mo rò ó pé àríyànjiyàn yẹn ń gba àyè lọ́wọ́ èyí tó yẹ ká máa ṣe. Títì mélòó lo sọdá kó o tó dé àárín gbàgede yẹn? Ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, iná á dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó tún máa dúró de tíráàmù. Orúkọ ẹni yòówù tẹ́ ẹ bá fi pè é, ẹsẹ̀ ìyá yẹn ò ní yá sí i.

* * *

Ẹni kan ní mò ń fi ọgbọ́n sá fún ọ̀rọ̀ Lenin. Mi ò sá o.

Ère Lenin ò fìgbà kankan dúró láàárín Plac Centralny gan-an, Aleja Róż ló wà, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sókè. Marian Konieczny ló gbẹ́ ẹ, 1973 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ẹ̀. Róòsì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ títì yẹn ni, Aleja Róż, títì òdòdó róòsì. Wọ́n hú róòsì, wọ́n tẹ́ òkúta pẹrẹsẹ kí ère lè rí ibi dúró. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ nípa Lenin, ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, róòsì yẹn ni. Ó ṣì ń dùn wọ́n.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1979 ẹnì kan ri bọ́ǹbù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gìlààsì fèrèsé fọ́ káàkiri àdúgbò, Lenin ò ṣubú, gìgísẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ya. Wọ́n tún un ṣe. Ìgbà tí ìjọba wó lulẹ̀ ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ gbé e kúrò, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1989. Ibo ló lọ? Ará Sweden kan rà á, ó gbé e lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ́ bí ìlú kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà. Mi ò pa irọ́. Lenin wà láàárín àwọn kọ́bọ́ì, Reagan tó sì ti ṣe kọ́bọ́ì nínú fíìmù rí ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ rọ́pò sí gbàgede. Tí èèyàn bá ro èyí fúnra ẹ̀, wọ́n á ní ó ti mutí.

Ní 2014, nígbà ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà kan, wọ́n tún gbé Lenin kékeré kan wá sí Aleja Róż, àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran bí ẹ̀wù àwọn tó ń tún títì ṣe, ó ń tọ̀. Omi ń tú jáde níbẹ̀ gan-an. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí, àwọn kan ní ìwọ̀sí ni, àti àwọn tó kórìíra Lenin àti àwọn tó ń ṣàárò ẹ̀ ló ń bínú, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ogójì ọdún nìyẹn.

* * *

Èyí tó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni wọn ò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ri àgbélébùú onígi mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ìjọba yí ọkàn padà, wọ́n ní ilé ìwé làwọn fẹ́ kọ́. Ní oṣù Kẹrin 1960 wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá hú àgbélébùú, àwọn ìyá ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ìjà ọjọ́ yẹn le. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ kẹ́yìn, Arka Pana, kì í ṣe orí ilẹ̀ yẹn gan-an, oṣù Karùn-ún 1977 ni Karol Wojtyła, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kraków, yà á sí mímọ́, ẹni tó di póòpù lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ilé yẹn rí bí ọkọ̀ ojú omi. Lọ wò ó tó o bá dé, ó tó ìrìn díẹ̀ láti Plac.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yàrá, torí mo rí i pé ẹni tó bi ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ń pariwo pé "ẹ ò tíì dáhùn ti àpò".

Ìlú náà ní orúkọ búburú, àwọn ará Kraków àtijọ́ ló ń pa á láwàdà jù, kí wọ́n ní tó o bá lọ síbẹ̀ wọ́n á fi àáké bẹ́ ẹ lórí. Ọ̀pọ̀ wọn ò dé ibẹ̀ rí. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ọdún mẹ́fà: ọmọkùnrin mẹ́ta pariwo ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ láti òdìkejì títì, ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀mùtí kan fẹ́ fi tipátipá ra bíà fún mi, ẹ̀ẹ̀kan. Ṣọ́ra nírọ̀lẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá parí, má wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan, má dá sí i tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ẹgbẹ́ wo lo wà, sọ pé o ò mọ bọ́ọ̀lù (ó dùn mí láti sọ irú irọ́ yẹn). Yàtọ̀ sí èyí, ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn arúgbó pọ̀, wọ́n ń tojú bọ fèrèsé, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ tí wọn ò ní rí. Ọmọ ilé ìwé náà ti ń pọ̀ sí i torí rẹ́ǹtì.

Ti rẹ́ǹtì gan-an, iye tí wọ́n kọ síta kọ́ lo máa san. Béèrè czynsz, owó ìtọ́jú ilé ni, ó máa ń wà lọ́tọ̀, wọ́n á sì díbọ́n pé àwọn gbàgbé láti sọ fún ẹ. Béèrè bóyá onílé máa forúkọ ẹ sílẹ̀ sí àdírẹ́sì yẹn, torí wàá nílò ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ ni kì í fẹ́. Owó ìdúró, kaucja, oṣù kan ni sábà. Ti èmi àkọ́kọ́ wọlé, onílé ò dá a padà, ó ní mo fọ́ gìlààsì fèrèsé, bẹ́ẹ̀ gìlààsì yẹn ti sán kí n tó débẹ̀. Ya fọ́tò gbogbo igun ilé lọ́jọ́ tó o bá gba kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ẹ̀ o, títí kan inú ihò ilé ìgbẹ́.

Àti fèrèsé: tó bá kọjú sí Jana Pawła II, tíráàmù àárọ̀ kùtù á jí ẹ kí aago tó jí ẹ. Tó bá kọjú sínú agboolé, wàá gbọ́ ẹyẹ. Owó kan náà ni wọ́n máa ń gbà. Agboolé ni mò ń pè é torí bẹ́ẹ̀ ló rí, ilé yí koríko ká lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé ìwé jẹ́léósinmi máa ń wà láàárín, ọmọ ò ní sọdá títì ńlá kó tó dé ilé ìwé. Wọ́n ronú síbẹ̀. Àjà ilé ga, ògiri nípọn, ooru ìgbà òtútù ń dé dáadáa. Ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lónìí, o ń gbọ́ bí ará ẹ̀gbẹ́ ẹ ṣe ń já ata.

* * *

Mo gbàgbé ìsàlẹ̀ ilé. Gbogbo yàrá ló ní iyàrá kékeré lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí, piwnica ni wọ́n ń pè é. Ti ilé wa, ilẹ̀kùn kan wà nísàlẹ̀ tó yàtọ̀, irin ni, ó nípọn tó ìka mẹ́rin ní ìbú, rọ́bà yí etí ẹ̀ ká, ọwọ́ ìdè méjì gígùn ló ń tì í. Ibi ìsápamọ́ bọ́ǹbù ni. Ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò yẹn ló ní in, torí wọ́n gbà pé tí ogun bá dé, iléeṣẹ́ irin lọ̀tá máa kọ́kọ́ lù. Inú ẹ̀ ní bẹ́ǹṣì onípákó, páìpù afẹ́fẹ́, àti ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé tí iná bá lọ. Nísinsìnyí, kẹ̀kẹ́ ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò èso plọ́ọ̀mù tí màmá àjà kìíní rì sínú ṣúgà. Ó ní òun ti ka inú ibẹ̀ sí ibi tó tutù jù fún plọ́ọ̀mù.

Tó o bá fẹ́ rí èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún aráyé, sinimá àtijọ́ kan wà nítòsí Plac, Światowid, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù Nowa Huta, ibi ìsápamọ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Wádìí bóyá ó ṣí kó o tó lọ.

* * *

Ọ̀gá tó wà ní Warsaw ní kí wọ́n jàre kọ́ ilé dí ojú gúúsù yẹn, pé ilẹ̀ ṣófo láàárín ìlú jẹ́ ìfiṣòfò, pé kí wọ́n kọ́ ilé ìtajà, kí owó wọlé, ìlú á tún yọ lójú. Ẹni kan ní rárá, kí wọ́n kọ́ tíátà yẹn bó ṣe wà nínú ìwé 1950 sí nǹkan, kí iṣẹ́ pé. Mo bá àwọn méjèèjì jà.

Ẹ ò tíì dúró síbẹ̀ dáadáa ni. Láti àárín Plac, yí ẹ̀yìn sí Aleja Róż, kó o máa wo gúúsù. Ilé Centrum E wà lápá ọ̀tún ẹ, ẹ̀yìn tí gbogbo ẹ̀ ti dákẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ, ìparí àwọn ọdún 1980 wọ 1990, ayàwòrán-ilé ẹ̀ ni Romuald Loegler, ó ní àwọ̀ àti igun tí ò bá àwọn àgbà ẹ̀ mu, àwọn kan kórìíra ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀. Iwájú sí i, Nowohuckie Centrum Kultury, ilé àṣà tí wọ́n ṣí ní 1983. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ já wọlẹ̀ lójijì, bí ẹni tó dé bèbè òkè. Nísàlẹ̀ ni Łąki Nowohuckie wà, pápá koríko tó tutù tó lé ní hẹ́kítà 50, ìjọba ìlú ti fi òfin dáàbò bò ó láti 2003. Ọ̀nà odò Vistula àtijọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀ lóṣù Karùn-ún débi pé wàá gbọ́ ọ láti ibi tí tíráàmù ti ń dúró, tí ọkọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀.

Ká ní tíátà yẹn dí ibẹ̀ ni, gbàgede lásán ni ì bá jẹ́ bíi ti gbogbo ìlú tí wọ́n kọ́ ní àsìkò yẹn, ilé ńlá kan á wà lókè tó ń bojú wo ẹ láti dá ẹ lẹ́bi. Nítorí pé owó tán, àwọn òṣìṣẹ́ rí ọ̀run. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru ní ibi ìléru, tó sọ̀ nínú tíráàmù láago mẹ́fà ààbọ̀, kùrukùru pápá ni á kọ́kọ́ rí. Màmá ní òun máa ń dúró wò ó díẹ̀ kí òun tó wọlé lọ sùn.

Láti 2004 ni wọ́n sì ti kọ ètò àtijọ́ ìlú náà sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 2023 wọ́n tún gbé e sípò ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀ á kọ́kọ́ jà dé ilé ẹjọ́. Kí wọ́n jà.

* * *

Ẹni tó béèrè pé tí iléeṣẹ́ irin bá kú, kí ló máa gbé ìlú yẹn ró: ìdajì ẹ̀ ti kú ná. Lẹ́yìn Lenin wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Sendzimir, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Póláǹdì, àwọn ará òkèèrè rà á lẹ́yìn ìyẹn, ó di ArcelorMittal. Ní 2020 wọ́n kéde pé àwọn ti pa ìléru tó kù pátápátá. Wọ́n ṣì ń ṣe páánù níbẹ̀, ṣùgbọ́n yíyọ́ irin ti tán. Afẹ́fẹ́ dára sí i, Kraków tiẹ̀ ti fòfin de dídáná èédú àti igi sílé láti oṣù Kẹsàn-án 2019. Eérú tó o rí lára ilé yẹn, ti àtẹ̀yìnwá ni. Àwọn tí wọ́n ti fọ̀, àwọ̀ bíi wàrà tó ti pẹ́ diẹ̀ ni wọ́n ní lábẹ́. Fi ọwọ́ nu ẹsẹ̀ òpó kan wò, wàá rí i.

* * *

Ìwọ tó bi ìbéèrè, mo rí i tó o kọ ọ́ pé o ti sanwó yàrá yẹn, o ní Centrum B. Ó dáa. Má dá lọ gba kọ́kọ́rọ́ nìkan, pè mí, Polish rẹ ò tíì tó láti bá onílé jiyàn lórí czynsz. Wá lọ́jọ́ Sátidé, sọ̀ ní Plac, má rìn yí i ká mọ́ bí ẹni tó ń wá owó tó sọ nù, bọ́ sí Aleja Róż kó o jókòó sórí bẹ́ǹṣì, róòsì ti padà síbẹ̀. Mú ìbọ̀wọ́ dání. Tí ìyá àgbà kan bá wá jókòó tì ẹ́ tó ní báàgì ọ̀dùnkún, kí i dáadáa, má dárúkọ Soviet, kó o bá a gbé báàgì yẹn dé àjà kìíní. Mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀. Ó ní ìgò plọ́ọ̀mù kan wà nísàlẹ̀ fún ẹ, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa fúnra ẹ ṣí ilẹ̀kùn irin yẹn, ọwọ́ òun ò lè yí i mọ́.